Ìtọ́jú Ẹmọ́ Òyìnbó tí ó ti Darúgbó, tí Ojú rẹ̀ sì ń Fọ́

0. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọba ara. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ ènìyàn, nítorí pé ojú ni ó fi ń rìn, òun ni ó fi ń dá ẹni mọ̀, òun náà ni ó sì fi ń ṣọ́ ewu. Ṣùgbọ́n ẹranko wà tí ìjọba ara rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ojú nìkan. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹran ilé kékeré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí gínì píìgì. Ẹmọ́ òyìnbó ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí lò fún un, kí ó lè yàtọ̀ sí ẹmọ́ inú igbó tí àwọn ọdẹ ń pa.

Nígbà tí ojú ẹmọ́ òyìnbó bá ń fọ́, ẹni tí ó ń sìn ín lè rò pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Àṣìṣe méjì ni èrò yìí lè bí. Èkíní ni pípa ẹran tí ó ṣì lè gbádùn ayé rẹ̀. Èkejì ni kí gbogbo àníyàn wà lórí ojú, kí àìsàn tí yóò pa ẹran náà sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kókó iṣẹ́ yìí ni pé ìfọ́jú fúnra rẹ̀ kì í pa ẹmọ́ òyìnbó. Àìjẹun ni ó ń pa á, òṣùwọ̀n ni ó sì ń tú àìjẹun fó ju ojú olùtọ́jú lọ.

1. Irú ẹran tí ẹmọ́ òyìnbó jẹ́

Ẹmọ́ òyìnbó kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, kò sì ti Gínì wá. Agbègbè òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Pẹrú, Bòlífíà àti Ecuador, ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ilé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń fi í rúbọ. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ó dé Yúróòpù. Lónìí, àwọn kan ń sìn ín fún jíjẹ ní gúúsù Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ àti ní àwọn apá kan ní Nàìjíríà, àwọn mìíràn sì ń sìn ín fún ìfẹ́ lásán.

Ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ ni ó sábà máa ń lò láyé. Bí ó bá ti kọjá ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ogbó ti dé nìyẹn. Ìwọ̀n èyí tí ó ti dàgbà sábà máa ń wà láàárín 700 àti 1200 gíráàmù.

Ohun méjì nínú ẹ̀dá rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì fún àlàyé tí ó ń bọ̀. Lọ́nà kìíní, gbogbo ogún eyín rẹ̀ ni kì í dẹ́kun híhù títí ó fi kú. Koríko tí ó ń jẹ ni ó ń lọ̀ wọ́n kúrú. Lọ́nà kejì, ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ara ènìyàn náà kò ti lè ṣe é. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé ara ẹmọ́ òyìnbó ni Axel Holst àti Theodor Frølich, ní ilẹ̀ Nọ́wè, ti fi hàn ní 1907 pé oúnjẹ tí kò pé ni ó ń fa àìsàn tí ń mú kí erìgì ṣẹ̀jẹ̀ kí oríkèé ara sì wú.

2. Ojú rẹ̀ àti ohun tí ń bà á jẹ́

2.1 Bí ó ti ń ríran

Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹmọ́ òyìnbó wà, kì í ṣe iwájú. Nípa bẹ́ẹ̀, ó lè rí ohun tí ń bọ̀ lápá ọ̀tún, lápá òsì àti lókè láìyí orí padà, ṣùgbọ́n kò mọ bí nǹkan ti jìnnà tó dáadáa. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó fi ń mọ àwọ̀, nígbà tí ènìyàn ní mẹ́ta. Ìwúlò ojú náà fún un kò ju kí ó tètè mọ̀ pé ọ̀tá ń bọ̀. Imú ni ó fi ń dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ohùn tínrín tí etí ènìyàn kò lè gbọ́. Irun gígùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀ ni ó sì fi ń wọn ọ̀nà nínú òkùnkùn.

2.2 Ohun tí ń fọ́ ojú

Èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí ó ti darúgbó ni kí lẹ́ǹsì inú ojú di funfun bí wàrà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kàtárátì. Kì í ro ẹran náà lára fúnra rẹ̀. Bí ó bá yára dé lójú méjèèjì, tí ẹran náà sì ń mu omi púpọ̀, ó yẹ kí dókítà ẹranko wò ó bóyá àtọ̀gbẹ ni. Ohun mìíràn ni kí egungun tín-ín-rín hù sínú ojú, tí yóò sì dà bí òrùka funfun yípo ọmọlójú.

Ó yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàárín ìwọ̀nyí àti ọgbẹ́ ojú. Bí pàǹtí koríko bá gún awọ iwájú ojú, ojú náà yóò pọ́n, yóò máa ṣomi, ẹran náà yóò sì dì í. Èyí ń dunni gidigidi, kò sì yẹ kí ó sùn mọ́ ọn. Omi ojú lè ti inú eyín wá pẹ̀lú, nítorí pé gbòǹgbò eyín òkè tí ó bá gùn jù lè ti ojú láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n omi funfun díẹ̀ tí ẹmọ́ òyìnbó máa ń fi ọwọ́ pa mọ́jú nígbà tí ó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe kì í ṣe àrùn; ìwẹ̀ rẹ̀ ni.

2.3 Bí a ti ń mọ̀

Ó ṣòro láti mọ̀, nítorí pé ẹran tí ó ti mọ ilé rẹ̀ á máa rìn bí ẹni tí ó ríran. Ọ̀nà kan ni kí òwú kékeré bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òwú kò ní ariwo, kò sì ní òórùn oúnjẹ. Bí ẹran náà kò bá tẹ̀ lé e lójú lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ó má rí i.

3. Ìtọ́jú

3.1 Ilé tí kò yí padà

Ẹran tí ojú rẹ̀ fọ́ ń gbé nínú ìrántí. Nítorí náà, ibi tí àwo oúnjẹ, ìgò omi àti ibùsùn wà lánàá ni ó yẹ kí wọ́n wà lónìí. Ilé náà ní láti tẹ́jú pẹrẹsẹ, láìsí àtẹ̀gùn tàbí pẹpẹ tí ó lè já bọ́ láti orí rẹ̀. Bí olùtọ́jú bá ń pààrọ̀ ibùsùn, kí ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, nítorí òórùn yẹn ni ó ń sọ fún ẹran náà pé ilé rẹ̀ nìyí. Ilẹ̀ tí wọ́n fi wáyà ṣe kò dára, ó ń dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀. Ooru pàápàá jẹ́ ewu: bí ó bá ti kọjá ìwọ̀n 27 Sẹ́ḷ́síọ̀sì, ó lè pa á, nítorí náà òjìji àti afẹ́fẹ́ ṣe kókó ní ilẹ̀ olóoru.

3.2 Ohùn kí ọwọ́ tó dé

Ẹmọ́ òyìnbó jẹ́ ẹran tí àwọn ẹran mìíràn ń pa jẹ. Ọwọ́ tí ó bá dé bá a láìròtẹ́lẹ̀ dà bí èékánná àṣá. Kí olùtọ́jú kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ kí ó gbóòórùn ọwọ́ òun, lẹ́yìn náà kí ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ọ̀kan lábẹ́ àyà, èkejì lábẹ́ ìdí.

3.3 Ẹnìkejì

Ẹran ẹgbẹ́ ni ẹmọ́ òyìnbó. Òfin ilẹ̀ Swítsàlandì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008 tilẹ̀ kà á léèwọ̀ láti sin ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹlẹgbẹ́ tí ó ríran a máa ṣe amọ̀nà fún èyí tí kò ríran: ohùn rẹ̀ àti òórùn rẹ̀ ni afọ́jú ń tẹ̀ lé dé ìdí oúnjẹ. Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ yá lè lé àgbà kúrò nídìí àwo. Nítorí náà, àwo méjì sàn ju ẹyọ kan lọ.

4. Oúnjẹ àti òṣùwọ̀n

Koríko ni ó yẹ kí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, nítorí eyín àti ìfun. Fítámì C tí ó nílò lójúmọ́ jẹ́ 10 sí 30 mílígíráàmù fún kílò kan ara rẹ̀; àìsàn ń mú kí ó nílò púpọ̀. Tàtàṣé tútù dára fún èyí. Kò dára kí wọ́n fi fítámì náà sínú omi, nítorí pé ó tètè ń bàjẹ́ níbẹ̀. Kí tẹ̀tẹ̀ má pọ̀ jù, nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè ṣèrànwọ́ fún òkúta inú àpò ìtọ̀.

Ẹran tí àwọn ẹran mìíràn ń pa jẹ a máa fi àìsàn pamọ́ fún ọ̀tá; olùtọ́jú náà kì í sì í rí i. Ẹmọ́ òyìnbó tí eyín rẹ̀ ti gùn bo ahọ́n yóò ṣì sáré wá sídìí àwo, yóò ṣì ké, yóò ṣì gbé ewé sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò ní lè gbé e mì. Ẹni tí ó ń wò ó yóò sọ pé ìfọ́jú ni kò jẹ́ kí ó rí oúnjẹ. Ibí yìí gan-an ni ìfọ́jú ti ń bo àìsàn mọ́lẹ̀. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, ni yóò tú àṣírí náà. Bí èyí tí ó jẹ́ 1000 gíráàmù bá di 900 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ ni ó ti lọ. Bí kò bá tilẹ̀ jẹun rárá fún ọjọ́ kan, ìfun rẹ̀ lè dákẹ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì lè bàjẹ́. Kò yẹ kí wọ́n dúró di ọ̀la kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fún un ní oògùn ènìyàn. Pẹnisílínì àti àmọ́síkílìn tí wọ́n bá fún un mu a máa pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun rẹ̀, ẹran náà a sì kú.

5. Ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi

Ìbéèrè tí ó wà níwájú olùtọ́jú kì í ṣe bóyá ẹran náà ríran. Ó ń jẹun bí? Ìwọ̀n rẹ̀ dúró bí? Ó ń wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí, ó sì ń ké nígbà tí ó bá gbọ́ ìró ewé? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ayé rẹ̀ kò tíì sú u. Bí ìrora bá wà tí oògùn kò kápá rẹ̀, tí oúnjẹ kò sì wọlé mọ́, àánú ni kí dókítà jẹ́ kí ó sùn láìsí ìrora.

6. Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìfọ́jú ẹmọ́ òyìnbó tí ó ti darúgbó kì í ṣe òpin rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ kò nílò owó púpọ̀: ilé tí kò yí padà, ohùn kí ọwọ́ tó dé, ẹlẹgbẹ́, koríko, fítámì C àti òṣùwọ̀n. Nínú gbogbo wọn, òṣùwọ̀n ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé ìfọ́jú ẹran náà hàn sí gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ebi tí ń pa á lábẹ́ irun, òṣùwọ̀n nìkan ni ó ń tètè rí i.