Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọjọ́ orí táyà tírélà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra táyà tòkunbọ̀ fún tírélà tó ń kó sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ojú táyà nìkan ni wọ́n ń wò: bí ilà rẹ̀ bá ṣì jìn, owó ti bọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ yí lójú títì rí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀. 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan péré ló máa ń wà, ẹ yí i wò.

Àwọn kan á ní táyà ìlú òtútù le ju tuntun lọ. Ó lè le lóòótọ́ nígbà tó wà ní tuntun. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán, bí àpò sìmẹ́ńtì 600, ìyẹn tọ́ọ̀nù 30, bá gùn ún lọ́sàn-án gangan lọ́nà Abẹ́òkúta sí Èkó, gbígbóná ni yóò máa gbóná títí yóò fi bẹ́. Owó ńkọ́? Tuntun wọ́n, kò sírọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká gbogbo rẹ̀ lè máa pààrọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kó má so tuntun mọ́ àlòkù lójú kan náà, torí èyí tó ga jù ni yóò gbé ẹrù èkejì. Táyà tí wọ́n bá sì ti ha nọ́ńbà rẹ̀ kúrò, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.