Orin Kan, Òǹkọ̀wé Márùn-ún: Bí Orin Orílẹ̀-Èdè Wa ti 1978 Ṣe Wáyé

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1978, Nàìjíríà pààrọ̀ orin orílẹ̀-èdè rẹ̀. Orin tuntun náà ni "Arise, O Compatriots", èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kọ lórí ìlà láràárọ̀ títí di ọdún 2024. Ẹ bi àgbàlagbà mẹ́wàá pé ta ló kọ ọ́. Ẹni tó bá gbìyànjú jù nínú wọn yóò dárúkọ Benedict Odiase. Odiase ní ipa tirẹ̀, mo sì ń bọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ inú orin náà. Èèyàn márùn-ún ló kọ ọ́. Nígbà tí oníkálukú ń kọ tirẹ̀, kò sí bó ṣe lè mọ̀ pé àwọn mẹ́rin mìíràn yóò di alájọkọ òun.

Orúkọ wọn nìyí: John A. Ilechukwu, Eme Etim Akpan, B. A. Ògúnnáìkè, Sota Omoigui àti P. O. Adéríbigbé. Bí a ṣe máa ń rí wọn nínú ìwé nìyẹn, tí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ dúró fún orúkọ àwọn kan nínú wọn. Ó máa ń dùn mí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà lẹ́nu gbogbo orílẹ̀-èdè fún ọdún márùndínláàádọ́ta ó lé, a kò kọ orúkọ wọn tán.

Ìdíje ló bí orin 1978, kì í sì í ṣe àkọ́kọ́. Orin tí a fi gba òmìnira lọ́dún 1960, "Nigeria, We Hail Thee", inú ìdíje lòun náà ti jáde. Lillian Jean Williams, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ní Nàìjíríà nígbà náà, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Frances Benda ló ṣe ohùn rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kò dùn sí i pé àlejò ló kọ orin tí wọn yóò fi máa yin ilé ara wọn. Nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ké sí pé kí wọ́n kọ ọ́.

Ibi tó wú mi lórí jù nìyí. Wọn kò mú ẹnì kan ṣoṣo kí wọ́n ní òun ló gbégbá orókè. Ewì márùn-ún tó dára jù lọ ni wọ́n kó jọ, wọ́n ṣa gbólóhùn níbí, wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ di ẹsẹ méjì, tí èkejì jẹ́ àdúrà sí Ọlọ́run. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi ìlà tirẹ̀ lé ìlà ẹlòmíràn rí yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Lónìí, olórin kan lè wà ní Èkó kí ó fi ìlù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ẹnìkejì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyẹn á gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, á sì dá a padà. Wọ́n á jọ jiyàn lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ìlà yìí ti gùn jù." "Àbúrò, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Àwọn márùn-ún yẹn kò láǹfààní irú èyí. Kò sí ẹ̀rọ alágbèéká nígbà náà, kò sì sí pé wọ́n jọ fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí ìlà kankan. Ohun tí oníkálukú fi sílẹ̀ ni àwọn tó so ewì náà pọ̀ bá ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ẹ gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: ẹ kò ní rí ojú ibi tí wọ́n ti so ó.

Odiase, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin àwọn Ọlọ́pàá Nàìjíríà, àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá fún ọ̀rọ̀ náà ní ohùn. Orin tí ọmọ kékeré lè gbé, tí fèrè ológun náà sì lè gbé, kò rọrùn láti ṣe. Ní ti èdè, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́ bá wọn dín ìṣòro kan kù. Ká ní Yorùbá ni, bí ohùn orin bá lọ sókè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ìtumọ̀ á dàrú. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Christ ní Èkó, ti kìlọ̀ nípa èyí nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá lọ́dún 1953.

B. A. inú orúkọ Ògúnnáìkè, Babátúndé ni B yẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ọdún 1976 ló gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Yunifásítì Èkó, èyí tó fi hàn pé ọ̀dọ́ ni nígbà tí orin náà jáde. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, ó ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, ó sì kú ní oṣù Kejì ọdún 2022. Omoigui di dókítà tó ń wo ìrora ní Los Angeles. Kò sí èyí tó fi orin ṣe iṣẹ́ jẹun nínú àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó dá orin 1960 padà. Ẹni tó fẹ́ràn ìyẹn lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Lójú tèmi, orin 1978 ló tọ́ sí wa jù, nítorí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é láti orí ọ̀rọ̀ dé orí ohùn. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìtàn orin orílẹ̀-èdè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn márààrún sójú pátákó, kí ẹ fi ti Odiase kún un.