Nígbà Tí Ọmọ Tí Kò Pé Oṣù Bá Kọ Ọmú

Àgbàlagbà tí àrùn yírùnyírùn bá kọlù yóò ké pé orí ń fọ́ òun, pé ọrùn òun kò ṣeé yí. Ìkókó tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 kò ní ẹnu tí yóò fi sọ bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ pàápàá kì í sábà le. Ohun tí ìyá máa ń kọ́kọ́ rí lè má ju pé ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa lánàá kò fẹ́ mu ún mọ́ lónìí.

Èyí nìkan tó láti gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ lè gbóná, ó sì lè tutù ju bó ti yẹ lọ. Ó lè máa sùn láìfẹ́ jí, kí èémí rẹ̀ sì máa dá dúró lóòrèkóòrè. Bí àwùjẹ rẹ̀ bá wú sókè, tàbí tí gìrì bá mú un, àrùn náà ti jinlẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ibi gìrì yìí gan-an ni àwọn kan ti ń sáré wá àgbo àti ìtọ̀ màlúù kiri, tí àkókò ìtọ́jú sì ń lọ.

Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni ìyá máa ń fún ọmọ inú rẹ̀ ní èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà tó ń gbógun ti àrùn. Ọmọ tó bá ṣíwájú àkókò yìí jáde kì í rí ìpín tirẹ̀ gbà tán. Awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, rọ́bà oúnjẹ àti abẹ́rẹ́ sì lè ṣí ọ̀nà fún kòkòrò àrùn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni bakitéríà sábà máa ń gbà dé awọ tó bo ọpọlọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń kó ọyún jọ sínú ọpọlọ fúnra rẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú èyí ni Cronobacter. Àwọn onímọ̀ tó sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní ọdún 2007 mú un láti ara Kronos, òrìṣà àwọn Gíríìkì àtijọ́ tó ń gbé ọmọ ara rẹ̀ mì. Orúkọ náà sì bá ìwà rẹ̀ mu. Àrùn rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò náà lè wà nínú mílíìkì lúbúlúbú tí a ń pò fún ọmọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ọmọkùnrin kan tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò kan ààbọ̀ nígbà tí wọ́n bí i dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọjọ́ kọkànlá, ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n rí kòkòrò yìí nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn, síbẹ̀ ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n yẹ mílíìkì tó mu wò, kòkòrò náà wà nínú agolo tí wọ́n ti ṣí, ó sì wà nínú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2007 ni pé kí omi tí a ó fi po mílíìkì má dín ní ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí a se omi náà kó hó, kí a má sì fi í sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ kí a tó lò ó. Lẹ́yìn tí a bá pò ó tán ni a ó wá tu ìgò náà nínú omi tútù kí ọmọ tó mu ún. Omi fíláàsì tí a gbé kalẹ̀ láti òwúrọ̀ lè má gbóná tó mọ́. Mílíìkì tí a ti pò tó sì wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ, dídànù ló yẹ ẹ́.

Ọmú ìyá ló dára jù fún ọmọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń fún un sínú ife gbọ́dọ̀ mọ́. Ní 2022, ọmọ mìíràn tí kò pé oṣù kú ní Amẹ́ríkà. Ara ẹ̀rọ ìfúnmú tí ìyá rẹ̀ ń lò nílé ni wọ́n ti rí Cronobacter.

Bí dókítà bá ní òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, ẹ̀rù máa ń ba òbí. Àyẹ̀wò yẹn ni yóò fi mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ àti oògùn tó lè pa á. Oògùn náà ń gba inú iṣan wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe gbé ọmọ kúrò nítorí pé ó ti ń mu ọmú padà. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì máa wọn orí rẹ̀, nítorí àrùn yìí lè sọ ọmọ di adití, ó sì lè mú kí omi kó jọ sínú orí.