Ọtí ti di bárakú: Báwo ni ará Alímọ̀ṣọ́ ṣe lè rí ìpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́?

Ẹ̀yin ará wa, Mùsùlùmí tí ọtí ti di bárakú fún máa ń fi pamọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Á ra sáṣẹ́ẹ̀tì ní Ìkòtún, á mu ún tán kó tó dé àdúgbò rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹlòmíràn á ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lásán lòun mu, bẹ́ẹ̀ ògógóró ni wọ́n fi rẹ egbò inú párága náà. Kí ilé tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti wọra.

Gbogbo wa la mọ̀ pé harāmu ni ọtí. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ ni Ọlọ́hun fi yọ àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀. Āyah 219 nínú Suuratul-Baqarah sọ̀rọ̀ ewu rẹ̀, āyah 43 nínú Suuratun-Nisāi kọ̀ fún wọn láti kírun nígbà tí ọtí bá ń pa wọ́n, kí āyah 90 àti 91 nínú Suuratul-Māidah tó wá kà á léèwọ̀ pátápátá. Ó sì wà nínú Sọhīhu Bukhārī pé nígbà tí ẹnì kan ṣépè fún sàábé kan tí wọ́n ti nà léraléra nítorí ọtí, Ànábì kọ̀ fún onítọ̀hún. A lè kórìíra ọtí láìlé ẹni tó ń mu ún dànù.

Irú ìpàdé wo ni?

Èyí tí ayé mọ̀ jù ni ti ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, AA, tí Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith dá sílẹ̀ nílùú Akron, Amẹ́ríkà, ní 1935. Àwọn tí ọtí ti yọ lẹ́nu ló ń jókòó pọ̀, tí oníkálukú ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí àti bó ṣe ń já ara rẹ̀ gbà. Kò sí owó ìwọlé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kéèyàn fẹ́ jáwọ́. Orúkọ kan ṣoṣo tó fún wọn ti tó, wọn kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jáde.

Ìpàdé kan wà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, òmíràn sì wà fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nìkan. Ìyá tó bá fẹ́ sin ọmọ rẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ béèrè irú èyí tó jẹ́. Ẹgbẹ́ Al-Anon, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1951, wà fún àwọn ẹbí.

Ṣé Mùsùlùmí lè lọ? AA kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá fi àdúrà ẹlẹ́sìn mìíràn kádìí ìpàdé, ẹ lè dákẹ́. Ní 1989, àwọn Mùsùlùmí nílùú Baltimore dá Millati Islami sílẹ̀: wọ́n mú ìgbésẹ̀ 12 ti AA, wọ́n sì gbé e karí Kùránì àti sunnah.

Báwo lẹ ṣe máa rí i?

Èkíní, ẹ lọ sórí aa.org kí ẹ wá ìpàdé tó súnmọ́ yín. Ọjọ́ àti ibi máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó wọkọ̀. Ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà, tí ẹni tó ń tijú lè fi fóònù wọ̀ láti yàrá rẹ̀.

Èkejì, ẹ lọ sí ọsibítù jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò, kí ẹ sọ òótọ́ fún dókítà. Ẹ tún lè lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ ní Yábàá, tó ti wà láti 1907. Àwọn ará Èkó ti fi "Yaba Left" ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ́jú ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ìpàdé tí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kẹta, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ NDLEA ni 080010203040, tọ̀sán-tòru.

Ẹ ṣọ́ra o

Ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Láàrin wákàtí 6 sí 48, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì sì lè gbé e. Lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, iyè rẹ̀ lè dàrú, kó máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ó lè pa èèyàn. Ẹ̀mí lè bọ́ lọ́nà yìí lọ́jọ́ kìíní tàbí ìkejì Rọmọdọ́ọ̀nù, nígbà tí onítọ̀hún bá pinnu láti ronúpìwàdà, tí ilé sì rò pé àlùjọ̀nnú ló ń bá a jà. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ìpàdé ló máa ràn án lọ́wọ́ kó má padà sídìí ọtí.

Bí ẹnì kan bá wá fọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yín lẹ́yìn àsàlátù, ẹ bi í léèrè ìgbà tó mu ún kẹ́yìn àti bó ṣe ń mu tó, kí ẹ sì bá a lọ. Kí Ọlọ́hun wo gbogbo aláìsàn wa sàn. Āmīn.