Òótọ́ àbí Irọ́? Bakitéríà àti Ilẹ̀ Oníyọ̀

"Bakitéríà máa ń jẹ iyọ̀ inú ilẹ̀ tán."

Irọ́ gbuu. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Shimon Mayak àti Bernard Glick pẹ̀lú alábàáṣiṣẹ́ wọn kan gbé ìwádìí jáde lórí bakitéríà tó ń jẹ́ Achromobacter piechaudii. Ilẹ̀ gbígbẹ Arava, ní gúúsù Ísírẹ́lì, ni wọ́n ti rí i. Wọ́n fi í sí ìdí tòmátò, wọ́n sì fi omi iyọ̀ dán tòmátò náà wò. Èyí tó le jù nínú omi náà ní iyọ̀ bíi gíráàmù 10 nínú lítà kan. Ti omi òkun tó nǹkan bíi 35. Tòmátò tó ní bakitéríà nídìí dàgbà ju èyí tí kò ní lọ dáadáa, síbẹ̀ sódíọ̀mù, èròjà kan nínú iyọ̀, tó wà lára rẹ̀ kò dín. Iyọ̀ kò lọ síbì kankan, tòmátò ló rí agbára fara dà á.

Báwo? Ìnira iyọ̀ máa ń mú kí ohun ọ̀gbìn tú ẹtílínì jáde, afẹ́fẹ́ kan náà tó ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n. Bó bá pọ̀ jù, gbòǹgbò kì í gùn mọ́. Bakitéríà yìí a máa fọ́ èròjà tí ohun ọ̀gbìn fẹ́ fi ṣe ẹtílínì, a sì fi í ṣe oúnjẹ. Ohun tó ń jẹ gan-an nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe iyọ̀.

"Omi lè wà nínú ilẹ̀ kí ohun ọ̀gbìn sì máa gbẹ."

Òótọ́ ni. Ẹ wo ẹja tí a fi iyọ̀ sí, bí omi ara rẹ̀ ṣe ń jáde. Iyọ̀ inú ilẹ̀ náà kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà bó ṣe yẹ.

"Bí iyọ̀ bá ń jó ewé, ẹ da ajílẹ̀ sí i."

Irọ́, ó sì léwu. Iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ inú àpò fúnra rẹ̀.

"Bakitéríà tí wọ́n ń tà, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Rárá o. NoduMax tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, Ìbàdàn, sóyà ló wà fún: wọ́n ń fi í po irúgbìn kí wọ́n tó gbìn ín, kí sóyà lè rí náítírójìn gbà láti inú afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn iyọ̀ fún tòmátò. Ohun ẹlẹ́mìí sì ni bakitéríà. Èyí tí oòrùn ti pa lórí àtẹ, òfò owó ni.

"Ẹni tó bá ti ní bakitéríà kò nílò láti fọ ilẹ̀ mọ́."

Irọ́ tó ń dùn mí jù nìyí, torí ó lè ná àgbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ owó. Omi tí kò níyọ̀ ló ń ṣan iyọ̀ lọ sísàlẹ̀, bí ọ̀nà bá wà fún un láti jáde. Ilẹ̀ tí sódíọ̀mù ti dì pa, irú èyí tó pọ̀ ní àríwá Íńdíà, jípísọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sí i. Níbi tí òkun ṣì ti ń ya wọlé, bíi lágbègbè Ìlàjẹ, bakitéríà nìkan kò lè gba oko là.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn EC ilẹ̀ yín, ìwọ̀n tó ń fi bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, kí ẹ tó sanwó fún ohunkóhun. Bó bá ju 4 dS/m lọ, ilẹ̀ oníyọ̀ ni.