Kátà Ewúrẹ́: Ọ̀nà Tí Ó Ń Gbà Wọlé àti Bí A Ṣe Lè Ti Ìlẹ̀kùn Mọ́ Ọn

 

Ewúrẹ́ ni báńkì ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa. Bí owó ilé-ìwé ọmọ bá dé tí iṣu kò tíì tà, òbúkọ kan ni à ń fà lọ sọ́jà. Àrùn kan wà tí ó lè kó báńkì náà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn dókítà ẹran ń pè é ní PPR. Àwọn àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n sí kátà ewúrẹ́.

Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń ṣe. Ẹ ra ewúrẹ́ kan lọ́jà, ara rẹ̀ ń dán. Bí ó bá ti kó àrùn náà, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà, ara rẹ̀ yóò gbóná, kò ní jẹun mọ́. Omi yóò máa jáde lójú àti nímú rẹ̀, yóò sì ki. Egbò yóò yọ sí i lẹ́nu, ẹnu yóò máa rùn. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru. Èyí tó lóyún lè ṣẹ́yún. Kí ẹ tó mọ̀, ewúrẹ́ ilé kejì ti ń wúkọ́. Kì í dá àgùntàn náà sí, ṣùgbọ́n kì í mú ènìyàn.

Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló fà á, kì í sì í ṣe iṣẹ́ aráyé. Fáírọ́ọ̀sì ni, ìyẹn ohun kan tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Fáírọ́ọ̀sì kò lè pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, àfi bí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹran. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí a fi kọ́ ara ohun ẹlẹ́mìí. Awọ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká. Fáírọ́ọ̀sì kátà náà wọ ẹ̀wù ọ̀rá, nítorí pé ara awọ sẹ́ẹ̀lì tí ó ti jáde ni ó ti gé ẹ̀wù náà wọ̀.

Báwo wá ni ẹlẹ́wù ọ̀rá ṣe ń wọ yàrá ọlọ́rá? Ẹ wo ojú epo pupa lórí omi ọbẹ̀. Bí ojú epo méjì bá súnmọ́ ara wọn tí wọ́n sì kan ara wọn dáadáa, wọn á pa pọ̀ di ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì àti awọ sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pa pọ̀. Ihò kan á là, ẹrù inú fáírọ́ọ̀sì á sì dà sínú sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣàdédé pa pọ̀. Irinṣẹ́ méjì ló wà lára ẹ̀wù náà fún iṣẹ́ yìí.

Èkíní dà bí ìkọ́. Ó ń wá ohun tí yóò dì mú lára sẹ́ẹ̀lì, kì í sì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní in. Ó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣọ́ ara lọ́wọ́ àrùn. Irú mìíràn wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ẹnu, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun. Àwọn ọlọ́dẹ ara ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń kọ́kọ́ kọlù, kí ó tó kọjá sí ẹnu, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun. Ìdí nìyẹn tí egbò, ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru fi ń wá, tí àwọn kòkòrò àrùn mìíràn sì ń ráyè wọlé: ọlọ́dẹ ti ṣubú.

Èkejì dà bí tàkúté. Nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, kò tíì lè ré. Ohun kan bí ọ̀bẹ nínú sẹ́ẹ̀lì ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń gé e sí méjì, ìgbà náà ni ó tó di dídẹ. Bí ìkọ́ bá ti di sẹ́ẹ̀lì tuntun mú, tàkúté á ré. Á na ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ sínú awọ sẹ́ẹ̀lì, á ká padà, á sì fa awọ méjèèjì mọ́ra títí wọn yóò fi pa pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kó àrùn pàápàá ń hu irinṣẹ́ yìí sí ara, ó sì ń pa pọ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí ògiri yàrá kan bá wó lu èkejì.

Kì í ṣe gbogbo fáírọ́ọ̀sì ẹlẹ́wù ló ń ṣe báyìí. Ti àrùn fúlù adìyẹ tó bẹ́ sílẹ̀ ní Kaduna ní ọdún 2006 máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbé òun mì ná. Nígbà tí inú àpò tí ó gbé e sí bá kan bí omi ògì, ni tàkúté tirẹ̀ tó ré. Kátà kì í dúró de kíkan. Ojú ìta sẹ́ẹ̀lì ni ó ti ń ṣílẹ̀kùn.

Ọdún 1942 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ àrùn yìí, ní Côte d'Ivoire. Ní ọdún 1975, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kan mú ní Nàìjíríà níbí. Àwọn onímọ̀ tọ́ ọ léraléra nínú sẹ́ẹ̀lì títí agbára rẹ̀ fi pin, ó sì di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń pè ní Nigeria 75/1. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ yìí ń kọ́ ara ewúrẹ́ láti pèsè ohun tí yóò di ìkọ́ àti tàkúté mú kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Oògùn bíi tetracycline kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Àwọn kòkòrò tó tẹ̀lé e wọlé nìkan ni ó lè bá wí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan mẹ́rin yìí sọ́kàn:

1. Ẹ so ewúrẹ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí abọ́ omi rẹ̀ náà dá wà.

2. Ẹ fi ọṣẹ fọ abọ́ àti ọwọ́, kí ẹ sì sá abọ́ sóòrùn. Bí ọṣẹ ṣe ń bọ́ epo lára àwo ni ó ń bọ́ ẹ̀wù fáírọ́ọ̀sì. Bí ẹ̀wù bá ti lọ, ìkọ́ àti tàkúté lọ nìyẹn.

3. Ẹ má fa èyí tó ń ṣàìsàn lọ sọ́jà. Ẹ sin èyí tó bá kú. Ẹ má jù ú sígbó.

4. Abẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú wọ ẹ̀wù ọ̀rá, ooru sì ń bà á jẹ́. Bí kò bá sí yìnyín nínú kúlà ẹni tó gbé e wá, ẹ má jẹ́ kó gún un fún ẹran yín.

Ibí yìí ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Igo kan ń tó ọ̀pọ̀ ẹran, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kò ṣeé tọ́jú di ọ̀la. Ẹni tó ní ewúrẹ́ mẹ́ta kò lè dá a rà, ṣùgbọ́n ogún ilé lè dá owó jọ, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran ní ọjọ́ kan náà. Ewúrẹ́ wa kì í mọ ààlà ilé. Ilé kan tó bá yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lè di ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo àdúgbò.

Ó sì ṣeé ṣe. Ìbátan kátà ni àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n fi lé e, títí wọ́n fi kéde ní ọdún 2011 pé ó ti tán láyé. Kátà ni ó kàn báyìí, ọdún 2030 sì ni àwọn àjọ àgbáyé dá fún un. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀.

Ẹran ọ̀sìn wa kò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́ o. Ó dìgbà kan ná.