Orin Àlọ́ ní Ìdí Iná Èédú

Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Amúkokò, ní ẹ̀bá Àjégúnlẹ̀, mọ̀ pé àgbàlá ilé níbẹ̀ kò fẹ̀. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí iná ìjọba sì ti lọ, a máa ń rí ìdílé tí ó yí iná èédú ká, tí àgbàdo wà lórí iná, tí ìyá àgbà sì ń pàlọ́. Ìyá dá orin, àwọn ọmọ gbè é. Ọmọ Ìgbò àti ọmọ Urhobo tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà gbè é pẹ̀lú wọn. (Kí a má parọ́: ní àgbàlá mìíràn, fóònù nìkan ni ọmọ ń tẹ̀.)

Kí a má ṣe fi ojú eré lásán wo ègbè yìí. Orin àlọ́ a máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, nítorí pé igbá kì í ṣe igba, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ọmọ tí ó ń gbè é ti ń kọ́ ohùn èdè rẹ̀ kí ó tó mọ ìwé. Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ orin ìjọ wa ṣe máa ń lọ́ nígbà tí a bá fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti fi ohùn ilẹ̀ wa kọ tirẹ̀, ó sì kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní ọdún 1922.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, a fagi lé e, a ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ọdún mẹ́ta péré! Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bi àwọn aṣòfin yín léèrè ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi dákẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ Èkó, àkókò Yorùbá ṣì wà lọ́wọ́ yín, nítorí òfin ìpínlẹ̀ ti ọdún 2018 sọ ọ́ di dandan ní ilé-ìwé. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orin àlọ́ kan wá láti ilé ní ọjọ́ Ajé. Kí ọmọ Urhobo náà mú ti ìyá rẹ̀ wá, kí gbogbo kíláàsì sì gbè é.